Okùn Kẹta Bàbá Wáyà

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 2008, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin kan tó ń tún gìtá ṣe dìde láti ìlà kejì nínú gbọ̀ngàn ilé iṣẹ́ rédíò. Ó gun orí pèpéle, ó sì fi piláyà gé okùn kẹta lára gìtá àbúrò rẹ̀ nígbà tí ètò ń lọ lọ́wọ́ lórí afẹ́fẹ́. Ìwé àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ náà gbé e, téèpù ọjọ́ náà sì wà. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa Bàbá Wáyà, èyí nìkan ni ẹ̀rí méjì dúró tì.

Wọ́n ní ó fò gun pèpéle ni. Kò fò. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni, orúnkún sì ń dùn ún. Ó gun àtẹ̀gùn mẹ́ta náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ afunfèrè tó dí i lọ́nà kó tó lọ ba ètò náà jẹ́.

Ohun tó bí i nínú ni pé okùn kẹta ti àbúrò rẹ̀ so jẹ́ irin lásán, tí wọn kò fi wáyà wé. Okùn bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè ní okùn oníhòòhò. Ó ti kìlọ̀ fún un lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ohùn rẹ̀ dún ketekete nínú téèpù: "Ìhòòhò ló wà! Mo ti sọ fún un kó má jáde níhòòhò!" Àwọn tó wà nílé kò rí pèpéle. Èèyàn mọ́kànlélógún ló fi fóònù pe ilé iṣẹ́ rédíò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Méjì nínú wọn bínú. Àwọn tó kù fẹ́ mọ̀ bóyá àyè ṣì wà nínú gbọ̀ngàn.

Odindi ìṣẹ́jú mẹ́fà ló fi so okùn tuntun, èyí tí wọ́n fi wáyà wé dáadáa, tó ti wà nínú àpò rẹ̀ láti ilé. Olóòtú ètò, tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀, ka ìròyìn ojú ọjọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, oòrùn ni. Nígbà kejì, òjò ti wọ̀ ọ́.

Àbúrò rẹ̀ wá ta gìtá. Àwọn èèyàn ní okùn kẹta yadi. Kò yadi, téèpù kò gbè wọ́n. Okùn márùn-ún ń sọ̀rọ̀ níwájú, ẹ̀kẹta ń dáhùn láti yàrá kejì bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Téèpù kan náà sì fi hàn pé kí piláyà tó dé, okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń jáde dọ́gba, kò sí èyí tó pariwo. Ọkùnrin tó ti fi ogún ọdún wàásù pé etí ni kí èèyàn fi yan okùn, ojú ló fi yan ti ọjọ́ náà.

Láti ọjọ́ yẹn títí ó fi kú, ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀ láyé. Báwo ni okùn tó tọ́, lórí píkọ́ọ̀pù tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ṣe lè dójú tì í bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà kò le tó bí òun ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀. Gìtá oníná kò ní ikùn tó ń gbé ohùn. Píkọ́ọ̀pù ló ní: òòfà kéékèèké mẹ́fà, ọ̀kan lábẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi wáyà bàbà tó tín-ínrín ju irun orí lọ wé ká. Okùn gbọ̀n, òòfà mọ̀ ọ́n lára, ohùn bá jáde láti inú ampilifáyà. Láyé àtijọ́, wáyà ni wọ́n máa ń fi wé okùn kẹta. Ohùn rẹ̀ kì í fẹ́ jáde, nítorí náà wọ́n jẹ́ kí òòfà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ga ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, àwọn onígìtá ní ìka ń ro àwọn, wọ́n bọ́ aṣọ lára okùn kẹta. Okùn oníhòòhò lórí òòfà gíga a sì máa pariwo bí ẹni tí wọ́n gbé gbohùngbohùn fún tí kò ní ọ̀rọ̀ sọ.

Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ yìí ni Bàbá Wáyà gbà gbọ́. Ó ṣe irú rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, òòfà kẹta rẹ̀ ga bó ṣe yẹ, ó sì fi ìdérí funfun bò ó. Òfin rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: píkọ́ọ̀pù àtijọ́, okùn àtijọ́. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé orí òkè ni wọ́n ti fi lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ ló fi wé wáyà píkọ́ọ̀pù náà. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Yàrá kan ni wọ́n ń lò lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta. Iwájú ni ti ìyàwó, ẹ̀yìn ni ti ọkọ, aṣọ ìkélé kan ló pààlà. Ẹgbàárin ìgbà ni wáyà gbọ́dọ̀ yí òòfà ká, ẹnu ló sì fi ń kà á. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́, nítorí pé bí iye bá sọnù, títú ni yóò tú gbogbo rẹ̀.

Bàbá ìyàwó rẹ̀ ló wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó rí ọkọ ọmọ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ó kí i kú iṣẹ́, ó bi í bóyá àlàáfíà ni.

"Ẹgbàajì ó lé mẹ́fà," ni ọkọ ọmọ dáhùn, kò gbójú sókè.

Bàbá náà rò pé òun ni kò gbọ́ dáadáa. Ó béèrè àwọn ọmọ.

"Ẹgbàajì ó lé mẹ́rìnlá."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin sáré wọlé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó bẹ bàbá rẹ̀ kó má bínú, ó ní kíkà ni ọkọ òun ń kà. Bàbá náà wo ọkọ ọmọ rẹ̀ títí. "Kí ló ń kà? Ọjọ́ tó kù fún mi láyé?" Nígbà tó délé, ó fi bírò ṣírò rẹ̀, ọdún mọ́kànlá ni. Ó ti kọjá ọdún náà báyìí, ara rẹ̀ sì le koko. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé ọkọ ọmọ òun kò mọ ìṣirò.

Bí ó ṣe ń ra okùn burú ju bí ó ṣe ń wé wáyà lọ. Òòfà kékeré kan wà tó máa ń fi fọ́nrán òwú so mọ́ bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Bó bá dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta ohun èlò orin ní òpópónà kejì, á ní kó tú páálí okùn, á fa okùn kan jáde, á rọra gbé e súnmọ́ àyà ara rẹ̀, á sì máa wò bí òòfà yóò ṣe lọ bá a. Níkẹ́ẹ̀lì, irin funfun tí òòfà kì í fà púpọ̀, ló ń wá, nítorí pé ohùn rẹ̀ tutù, ó sì bá òòfà àtijọ́ mu. Bí òòfà bá rìn lọ bá okùn, ó dára. Bó bá fò mọ́ ọn, irin ti pọ̀ jù níbẹ̀ nìyẹn, níkẹ́ẹ̀lì kàn ṣe ojú ayé fún un ni.

Obìnrin náà fi ara páálí hàn án níbi tí wọ́n kọ níkẹ́ẹ̀lì sí, ó ní kó kà á.

"Mo ti kà á," ni Bàbá Wáyà sọ. "Ṣé páálí ni mo fẹ́ so mọ́ gìtá?"

Ó tú páálí mẹ́rìndínlógún lọ́jọ́ náà, ó ra ẹyọ kan. Lọ́jọ́ kejì obìnrin náà lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn: "A kì í mú òòfà wọlé." Ìwé náà ṣì wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ni òfin náà ti bá wí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Àwọn oníbàárà tirẹ̀ náà kì í lọ láìjìyà. Akọ̀wé báńkì kan gbé gìtá oníná wá, ó ní ohùn rẹ̀ ń ṣòjòjò. Bàbá Wáyà wo okùn rẹ̀, ó rí i pé idẹ ni wọ́n fi wé e, okùn gìtá onígi. Akọ̀wé ní ohun tó jẹ́ kí òun rà á ni pé ó ń dán. Bàbá Wáyà ní òòfà kò lójú, kò mọ ohun tó ń jẹ́ dídán. Òòfà àti idẹ kì í sì í kíra wọn bí wọ́n bá pàdé lọ́nà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè: irú orin wo, ìka mélòó, ṣé ó máa ń fa okùn tàbí ó máa ń tẹ̀ ẹ́ lásán, ṣé inú máa ń bí i bó bá ń ta gìtá. Wákàtí méjì. Akọ̀wé náà sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé báńkì àwọn kì í béèrè tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yáwó kọ́lé.

Bó bá so okùn tán, ó ku kó rẹ píkọ́ọ̀pù wálẹ̀, torí pé òòfà tó bá súnmọ́ okùn jù a máa dì í mú, kò ní jẹ́ kó jó. Àwọn mìíràn ń fi irin ìwọ̀n ṣe èyí. Eyín kan tó bá ká lára ìyarun ìyàwó rẹ̀ ni òun máa ń fi sáàárín okùn àti òòfà, nítorí pé ó ní òun kò tíì rí irin ìwọ̀n tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ìyarun tó lo oṣù mẹ́ta nínú ilé náà tí eyín rẹ̀ pé.

Ọkùnrin báyìí ni rédíò wá sọ di Okùn-Yadi láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Àwọn ọmọdé ń fi pè é lójú pópó. Onígìtá méjì wá gbé gìtá wọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láìtíì tún un ṣe, wọ́n ní kò sí ìkánjú. Kò bínú sí wọn. Ó ra ìwé àjákọ olójú-ewé ọgọ́rin, ó kọ "Ẹjọ́ Okùn Kẹta" sí iwájú rẹ̀, ó sì jókòó ṣe adájọ́.

Ìwé náà wà títí dòní, mímọ́ sì ni ìkọ̀wé rẹ̀. Ó fẹ̀sùn kan okùn, ó dá a láre. Ó fẹ̀sùn kan ampilifáyà ilé iṣẹ́ rédíò, ó lọ bẹ̀ wọ́n kí òun wò ó, wọ́n ní kó má wọlé mọ́. Ó fẹ̀sùn kan ooru gbọ̀ngàn náà. Ó so irú okùn mẹ́rìnlélógójì wò, ó sì ń kó èyí tó ti lò kọ́ sórí okùn ìsáṣọ pẹ̀lú ìwé kékeré lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, débi pé ìyàwó rẹ̀ ní kí òun tó sá aṣọ oníbàárà, òun ní láti bẹ níkẹ́ẹ̀lì kó sún. Ó fura sí gbogbo ayé àfi àbúrò rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ gan-an ni.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, nígbà tí kò sí ẹni tó fipá mú un mọ́. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ètò rédíò, ìka òrùka ọwọ́ òsì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kò lè tẹ okùn wíwé tó nípọn. Bó bá so oníhòòhò, òòfà gíga tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe á mú un pariwo. Kò sì lè sọ̀rọ̀ ìka náà síta, torí pé ẹgbẹ́ olórin tó bá gbọ́ pé ìka onígìtá wọn ń dùn ún, onígìtá mìíràn ni wọ́n ń wá. Ó bá yọ píkọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi èyí tó rà lọ́jà sí i, tí òòfà rẹ̀ ga dọ́gba, ó sì fi ìdérí funfun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bò ó kó má baà hàn. Ó gbé fìlà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé orí àjòjì. Lórí òòfà tó ga dọ́gba, okùn wíwé ló ń rẹlẹ̀. Gbogbo àṣírí náà kò jù báyìí lọ.

Bó bá jẹ́wọ́ lórí pèpéle, gbólóhùn kan ni. Kò jẹ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì ìtìjú náà ti di méjì. Ní ọdún kejì, ó ti di ara ilé.

Ohun tó mú kó burú sí i ni pé kò yẹra fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ní aago mẹ́rin ló máa ń wá, á jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́yìn ìkélé, á mu tíì, á sì gbọ́ bí ẹjọ́ ṣe dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ṣàlàyé okùn tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ so wò. Á wá ní gbogbo ìwádìí wọ̀nyí kò lè parí láìjẹ́ pé òun yẹ gìtá ọjọ́ náà wò. Á béèrè ìbéèrè kan náà, ohùn kan náà, bí ẹni tó ń béèrè àlàáfíà ọmọ: "Gìtá náà ńkọ́?"

Gìtá náà wà lábẹ́ ibùsùn. Ṣùgbọ́n Bàbá Wáyà kọ gbogbo ìdáhùn àbúrò rẹ̀ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tó gbà á. Ọrùn gìtá wọ́. Wọ́n ń kùn ún lọ́dà. Àna kan yá a fún ọmọ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù sọnù. Ní ọdún 2014, ó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan tó lọ sókè òkun. Ní ọdún 2016, ọ̀rẹ́ náà kú. Ní ọdún 2017, ọ̀rẹ́ kan náà tún wá yá a. Bàbá Wáyà kọ ọ́ sílẹ̀ láìyí ohunkóhun padà, ó sì fi ọwọ́ wẹ́wẹ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Ọ̀rẹ́ yìí fẹ́ràn orin púpọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti iwájú ìkélé, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ẹ̀rọ náà dákẹ́. "Ọkọ mi kékeré," ni ó sọ, "ìgbà wo ni òkú yẹn máa dá gìtá yín padà?" Tíì gba imú àbúrò ọkọ rẹ̀ jáde. Bàbá Wáyà na aṣọ ìnuwọ́ sí i.

Ní oṣù kejì ọdún 2021, ọkàn Bàbá Wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, ẹ̀rọ kékeré kan sì ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹni tó so wáyà kẹta kò mọ̀ ọ́n so. Nọ́ọ̀sì ní kó sinmi. Ó sinmi díẹ̀, ó sì ṣàlàyé ìdí.

Àbúrò rẹ̀ dé lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ìpinnu. Ó ti fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò nínú ọkọ̀, bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ láti orí ìka títí dé orí ìdérí funfun. Ó jókòó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ kan wà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú sí i. "Gìtá náà ńkọ́?"

Ọdún méjìlá àti oṣù mẹ́jọ ló ti fi ń dáhùn ìbéèrè yìí. Ẹnu rẹ̀ kò mọ ọ̀nà mìíràn mọ́. "Ó ti ń bọ̀ lọ́nà," ló sọ.

"Ó dáa," ni Bàbá Wáyà sọ. Ó kú ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni ọgọ́ta ọdún. Kò sí orúkọ àbùkù yẹn, Okùn-Yadi, lára ohun tí wọ́n sọ níbi ìsìnkú rẹ̀. Gbogbo wọn ṣe dáadáa lọ́jọ́ kan náà, bí èèyàn ṣe máa ń ṣe.

Ní ọjọ́ Àìkú kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, ní aago mẹ́rin, àbúrò rẹ̀ gbé gìtá wá sí yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn. Kò jókòó. Ó wà lórí ìdúró, ó tú àkísà kan tó fi di píkọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọdún náà wá, ó sì jẹ́wọ́ fún opó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Obìnrin náà ń rán aṣọ lọ títí ó fi sọ tán. Ó fi eyín já òwú. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó sì mú àpòòwé kan jáde.

"Ọjọ́ tí gìtá bá dé ni ẹ̀gbọ́n yín ní kí n fún yín," ló sọ.

Okùn kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ká róbótó. Ara àpòòwé ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí, mímọ́ ni ìkọ̀wé náà: "Okùn kẹta. Wíwé, ṣùgbọ́n tín-ínrín. Ìka rẹ̀ ń dùn ún. Kó má mọ̀ pé mo mọ̀." Ọjọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti oṣù kọkànlá ọdún 2009. Opó náà ní ọkọ òun ti ń wò ó ní gbogbo ọjọ́ Àìkú bó ṣe ń di kọ́ọ̀pù tíì mú, ìka kan máa ń yẹra. Ọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù ni kò mọ̀. Ó rò pé nítorí ìka ni àbúrò òun ṣe ń fi gìtá pamọ́, ó sì ní ẹni tí ìka ń dùn kò yẹ kí wọ́n tún dójú tì í.

Àbúrò náà wọ ẹ̀yìn ìkélé. Irinṣẹ́ wà ní àyè wọn lórí tábìlì. Ó yọ píkọ́ọ̀pù ọjà, ó dá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà, ó fi ìdérí funfun bò ó. Ó so okùn, ẹ̀kẹta ló so kẹ́yìn. Nígbà tó kan ìwọ̀n, ó yọjú lábẹ́ ìkélé láti tọrọ ìyarun. Èyí tí opó náà fún un pé eyín. Kò tíì sí ẹni tó ká ọ̀kan lára rẹ̀ láti oṣù kan sẹ́yìn. Obìnrin náà gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká eyín kan, ó sì nà án sí i.

Ó tan ampilifáyà. Ó ta okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè sí ìsàlẹ̀, ó sì tún tà wọ́n padà sókè. Wọ́n jáde dọ́gba. Ẹ̀kẹta kò pariwo, kò sì sùn. Ó jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó wà nílé. Bóyá ìka náà dùn ún, kò sọ. Ní iwájú ìkélé, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

Ó gbé ọwọ́ lé okùn kí ohùn rẹ̀ má baà máa lọ. Ó wo àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní òdìkejì tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n," ló sọ, "gìtá náà ti dé."